Aláǹtakùn Ajẹ̀fọn ti Etí Adágún Victoria: Ibùgbé Rẹ̀, Oúnjẹ Rẹ̀ àti Ìwúlò Ìmọ̀ Nípa Rẹ̀ fún Olùkọ́

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé lórí ẹ̀yà aláǹtakùn kan tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Evarcha culicivora. Agbègbè Adágún Victoria, ní orílẹ̀-èdè Kenya àti Uganda, ni ẹ̀dá yìí ń gbé. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ láàárín àwọn aláǹtakùn ni pé ẹ̀fọn tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ni ó máa ń yàn láàyò fún oúnjẹ, pàápàá jù lọ ẹ̀fọn Anopheles tí ó ń tan ibà kálẹ̀. Àpilẹ̀kọ náà yẹ ibùgbé aláǹtakùn yìí wò, ó ṣe àlàyé bí ó ṣe ń ríran àti bí ó ṣe ń gbóòórùn, ó sì fi hàn bí ó ṣe ń ya ẹ̀fọn sọ́tọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ó jọ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ó ya ohun tí ẹ̀dá náà lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ibà sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò lè ṣe. Ní ìparí, ó fi àbá lélẹ̀ lórí bí olùkọ́ ṣe lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí láìsí àbùlà.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Aláǹtakùn, bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára." Òwe yìí jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn àgbà ti fi ojú ṣùnnùkùn wo aláǹtakùn kí àwọn ọmọ ilé ìwé tó máa ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n rí i pé kì í sáré lé ọ̀tá, kì í pariwo, okùn ni ó ń ta yí i ká títí ọ̀nà àbáyọ yóò fi dí. Orúkọ rẹ̀ pàápàá ń ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé okùn títa ni ó wà nínú orúkọ náà.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo aláǹtakùn ni ó ń fi àwọ̀n dẹ ẹran. Àwọn kan wà tí wọn kì í ta àwọ̀n sílẹ̀ de ẹnikẹ́ni. Ojú ni wọ́n fi ń ṣọ́ ẹran wọn, wọn a rọra yọ́ tẹ̀ lé e, wọn a sì fò mọ́ ọn bí ológbò ṣe ń fò mọ́ èkúté. Irú wọn ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní aláǹtakùn afò. Fífò tí ibí yìí ń sọ kì í ṣe ti ẹyẹ tí ó ní ìyẹ́. Irú èyí tí ọ̀bọ máa ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka ni.

Ìdí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ ilẹ̀ Yorùbá fi etí sí ọ̀rọ̀ aláǹtakùn tí ó ń gbé ní ọ̀nà jíjìn kò fara sin. Àìsàn ibà ni. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, ibà kọlu ènìyàn ní bí ìgbà mílíọ̀nù 263 lágbàáyé ní ọdún 2023, ó sì pa àwọn bí 597,000. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà nìkan ni ó ru ju ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ìkọlù wọ̀nyí lọ, ó sì ru bí ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ikú náà. Àwọn ọmọ tí kò ì tí ì pé ọdún 5 ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń kú ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀dá tí ó bá ń fi ọ̀tá irú èyí ṣe oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ yẹ ní mímọ̀.

2.0 Àlàyé Ṣókí lórí Aláǹtakùn Afò

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, Yorùbá a máa ka aláǹtakùn mọ́ kòkòrò. Èyí kò burú nínú ọ̀rọ̀ ilé, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìyàtọ̀ wà. Kòkòrò bí ẹ̀fọn, eṣinṣin àti aáyán ní ẹsẹ̀ 6, ara wọn pín sí ọ̀nà 3: orí, àyà àti ikùn. Aláǹtakùn ní ẹsẹ̀ 8, ara rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà 2 péré, nítorí pé orí àti àyà rẹ̀ so pọ̀ mọ́ ara wọn. Kì í ní ìyẹ́, kì í sì í ní ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ tí kòkòrò fi ń tọ́ nǹkan wò. Àkekèé àti eégbọn ni ó sún mọ́ ọn ní ìbátan ju eṣinṣin lọ.

Ẹbí aláǹtakùn afò ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Salticidae. Kò sí ẹbí aláǹtakùn mìíràn tí ẹ̀yà inú rẹ̀ pọ̀ tó o. Wọ́n lé ní 6,000. Ilẹ̀ olóoru ni ó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé, a sì ń rí àwọn kan lára ògiri ilé, lára fèrèsé àti lórí ewé ní ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti rí aláǹtakùn kékeré kan tí ó yí ojú padà wò ó lára ògiri, tí ó sì fò lójijì nígbà tí wọ́n na ìka sí i, ti pàdé ọ̀kan nínú wọn.

Ohun 2 ni ó mú ẹbí yìí ta yọ. Èkíní ni ojú. Ojú 8 ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n 2 tí ó wà láàárín iwájú ni ó tóbi jù. Ojú 2 yìí gùn wọ inú orí bí ọ̀pá awò tí ènìyàn fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Awò iwájú rẹ̀ kò lè yí, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ojú náà níbi tí àwòrán ti ń hàn lè máa sún sọ́tùn-ún àti sósì. Báyìí ni aláǹtakùn afò ṣe ń yẹ nǹkan wò fínnífínní láìmi orí. Àwọn ojú 6 yòókù ni wọ́n fi ń mọ̀ bí nǹkan bá mira lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ̀dá tí kò tóbi ju ẹyọ àgbàdo lọ lè ríran kedere ju ọ̀pọ̀ kòkòrò lọ.

Èkejì ni fífò. Agbára fífò yìí kì í ṣe ti iṣan nìkan. Omi ara ni aláǹtakùn máa ń tì wọ inú ẹsẹ̀ lójijì, tí ẹsẹ̀ náà yóò sì nà gbọọrọ bí rọ́bà tí omi ya wọ inú rẹ̀. Kí ó tó fò, yóò kọ́kọ́ so fọ́nrán òwú kan mọ́ ibi tí ó dúró sí. Bí ó bá tàsé, òwú náà ni yóò gbé e dúró. Èyí fi hàn pé aláǹtakùn afò kò kọ okùn títa sílẹ̀. Ìlò rẹ̀ ni ó yí padà. Òwú kan náà ni ó fi ń hun ìtẹ́ kékeré tí ó ń sùn sí àti èyí tí ó ń yé ẹyin sí.

3.0 Orúkọ Ẹ̀dá náà àti Bí Ó Ṣe Di Mímọ̀

Ní ọdún 2003 ni Wanda Wesołowska, onímọ̀ nípa aláǹtakùn láti ilẹ̀ Poland, àti Robert Jackson ti Yunifásítì Canterbury ní New Zealand, kọ àpèjúwe ẹ̀yà yìí jáde, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Evarcha culicivora. Ọ̀rọ̀ Látìn ni apá kejì orúkọ náà. Culex ni ẹ̀fọn, vorare sì ni kí a jẹ nǹkan lájẹrun. Bí a bá ní kí a sọ ọ́ ní Yorùbá, "ajẹ̀fọn" ni yóò jẹ́. Nítorí náà, aláǹtakùn ajẹ̀fọn ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é. Gígùn ara rẹ̀ sábà máa ń tó bí mìlímítà 5.

Mbita ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìwádìí lórí rẹ̀ ti wáyé. Ìlú kékeré ni Mbita, ní etí Adágún Victoria ní ìwọ̀-oòrùn Kenya. Ibẹ̀ ni ọgbà ìwádìí kan wà tí ó jẹ́ ti icipe, ilé iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí kòkòrò tí olú ilé rẹ̀ wà ní Nairobi. Thomas Odhiambo, ọmọ bíbí ilẹ̀ Kenya tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa kòkòrò, ni ó dá icipe sílẹ̀ ní ọdún 1970, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi pe ọgbà Mbita náà. Ohun tí ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ ni èyí, nítorí pé àwọn kan a máa rò pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kò lè ti ilẹ̀ Áfíríkà jáde.

4.0 Ibùgbé Aláǹtakùn Ajẹ̀fọn

4.1 Adágún náà àti agbègbè rẹ̀

Adágún Victoria ni adágún tí ó tóbi jù lọ ní Áfíríkà. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 68,800 níbùú àti lóròó. Orílẹ̀-èdè 3 ni ó pín in: Tanzania àti Uganda ni ó ni èyí tí ó pọ̀ jù, Kenya sì ni ìwọ̀nba díẹ̀ ní apá ìlà-oòrùn. Àwọn Luo tí ń gbé etí rẹ̀ ń pè é ní Nam Lolwe, àwọn Baganda sì ń pè é ní Nnalubaale. John Hanning Speke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi orúkọ ọba rẹ̀ obìnrin pè é nígbà tí ó dé ibẹ̀ ní ọdún 1858.

Àárín gbùngbùn ilẹ̀ olóoru ni adágún yìí wà, ṣùgbọ́n ó ga ju ojú òkun lọ ní bí mítà 1,130. Omi kò wọ́n níbẹ̀, ooru kò sì wọ́n. Àwọn apẹja, àgbẹ̀ àti darandaran ni wọ́n kún etí rẹ̀. Níbi tí omi, ooru àti ènìyàn bá ti pàdé báyìí, ẹ̀fọn kò ní jìnnà. Ìdí nìyí tí agbègbè adágún náà fi wà lára ibi tí ibà ti ń da àwọn ará Kenya láàmú jù.

Kì í ṣe ẹ̀fọn nìkan ni ó wà níbẹ̀. Àwọn kòkòrò kéékèèké kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ sí eṣinṣin adágún. Inú omi ni wọ́n ti ń dàgbà, wọn a sì gbéra ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó bẹ́ẹ̀ tí wọn a máa dà bí èéfín lójú ọ̀run. Wọn kì í gé ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n ní ìrísí, wọ́n jọ ẹ̀fọn débi pé ẹni tí kò bá wò wọ́n dáadáa yóò ṣì wọ́n mú. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n aláǹtakùn ajẹ̀fọn ti hàn jù lọ.

4.2 Ibi tí ó ń fara pamọ́ sí àti ibi tí ó ti ń jẹun

Aláǹtakùn ajẹ̀fọn ní ibi ìsinmi, ó sì ní ibi iṣẹ́. Nígbà tí ebi kò bá pa á, inú koríko àti ewé tí ó sún mọ́ ilẹ̀ ni ó máa ń fara pamọ́ sí, tí yóò sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ebi bá dé, yóò jáde sí gbangba, yóò gun ìdí igi tàbí ògiri ilé. Ara ògiri ilé tí ènìyàn ń gbé ni wọ́n ti sábà máa ń rí i.

Ìdí rẹ̀ kò ju pé ibẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ ń sinmi sí. Lóru ni abo ẹ̀fọn Anopheles máa ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Nígbà tí ó bá mu ún tán, ikùn rẹ̀ yóò wúwo, kò sì ní lè fò jìnnà. Yóò bà lé ògiri tí ó sún mọ́ ọn, yóò sì dúró níbẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ náà yóò fi dà nínú rẹ̀ tí yóò sì di ẹyin. Ojúmọmọ ni aláǹtakùn afò ń ṣọdẹ, nítorí pé ojú ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Báyìí ni ògiri ilé ṣe di ibi tí ọdẹ ọ̀sán ti ń bá olè òru.

5.0 Oúnjẹ Rẹ̀

5.1 Ẹ̀jẹ̀ tí ó gba ọwọ́ ẹlòmíràn dé ẹnu rẹ̀

Aláǹtakùn kò ní ohun èlò ẹnu tí ó lè fi gún awọ ènìyàn tàbí ti ẹran kí ó sì mu ẹ̀jẹ̀ wọn bí ẹ̀fọn ti ń ṣe. Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni aláǹtakùn ajẹ̀fọn ń fẹ́. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dúró de ẹ̀fọn tí ó ti bá a fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Ní ọdún 2005, Robert Jackson, Ximena Nelson àti Godfrey Sune gbé ìwádìí jáde tí ó fi hàn pé ẹ̀dá yìí mọ̀ọ́mọ̀ ń yan abo ẹ̀fọn tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni, ó sì jẹ́ aláǹtakùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ hàn lára rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dán an wò rọrùn láti lóye. Bí aláǹtakùn kan bá jẹ ẹ̀fọn nítorí pé ẹ̀fọn ni ó pọ̀ ní àyíká rẹ̀, a kò lè sọ pé ó yàn án. Yíyàn kò sí níbi tí kò sí ohun méjì. Nítorí náà, wọ́n fún un ní ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: abo ẹ̀fọn tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ ní apá kan, eṣinṣin adágún ní apá kejì; tàbí abo tí ó mu ẹ̀jẹ̀ àti abo tí omi ṣúgà nìkan ni ó mu; tàbí abo àti akọ. Akọ ẹ̀fọn kì í mu ẹ̀jẹ̀ rárá, omi dídùn inú òdòdó ni oúnjẹ rẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, abo tí ó ti mu ẹ̀jẹ̀ ni aláǹtakùn náà sábà ń yàn. Nígbà tí wọ́n lo kòkòrò tí ó ti kú, tí wọ́n tò bí ẹni pé ó wà láàyè, tí kò sì ní òórùn tí aláǹtakùn lè gbọ́, ojú nìkan tó o láti yàn. Nígbà tí wọ́n fi òórùn nìkan hàn án láìjẹ́ kí ó rí nǹkan kan, òórùn nìkan náà tó o.

Ìwádìí mìíràn tí Nelson àti Jackson gbé jáde ní ọdún 2012 tọ́ka sí ohun tí ojú rẹ̀ ń wò. Ikùn tí ó pọ́n nítorí ẹ̀jẹ̀ jẹ́ àmì kan. Ìwo orí jẹ́ àmì kejì: ìwo orí akọ ẹ̀fọn kún fún irun bí ìyẹ́ adìyẹ, ti abo kò sì rí bẹ́ẹ̀. Aláǹtakùn náà ń so àmì méjèèjì pọ̀ kí ó tó pinnu. Láàárín èéfín eṣinṣin adágún tí gbogbo rẹ̀ jọra, ẹyọ kan tí ó ń wá ni yóò mú.

5.2 Ọgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀

Ní ọdún 2006, ìwádìí Nelson àti Jackson fi kún un pé láàárín àwọn ẹ̀fọn pàápàá, Anopheles ni ẹ̀dá yìí fẹ́ràn jù. Bí Anopheles ṣe ń dúró ni a fi ń dá a mọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn mìíràn máa ń tẹ́ ara wọn gbọọrọ mọ́ ibi tí wọ́n bà lé. Anopheles kì í ṣe bẹ́ẹ̀: yóò tẹ orí ba, yóò sì gbé ìdí sókè. Àyè kékeré a máa wà lábẹ́ ikùn rẹ̀.

Àyè yìí ni àwọn ọmọ aláǹtakùn ajẹ̀fọn ń lò. Ẹ̀fọn tóbi ju ọmọ aláǹtakùn lọ fíìfíì. Bí ó bá gba iwájú lọ, ẹ̀fọn yóò rí i, yóò sì fò lọ. Nítorí náà, bí ó bá rí Anopheles, yóò yà bàrá, yóò gba ẹ̀yìn lọ, yóò rọra wọ abẹ́ ikùn tí ó gbé sókè náà, yóò sì ti ìsàlẹ̀ gbá a mú. Bí ẹ̀fọn náà bá gbé e fò, kò ní jẹ́ kí ó bọ́ títí oró rẹ̀ yóò fi dá a wó. Kò sí ìyá tí ó kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n yìí. A bí i mọ́ ọn ni.

5.3 Òórùn ènìyàn

Abo ẹ̀fọn Anopheles a máa fi òórùn ara ènìyàn mọ ibi tí ènìyàn wà. Ìbéèrè tí Fiona Cross àti Jackson bi ara wọn ni pé, ǹjẹ́ ọdẹ tí ó ń dọdẹ ẹ̀fọn kò ní máa tẹ̀ lé òórùn kan náà? Ní ọdún 2011, wọ́n gbé èsì jáde. Wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn gba inú ìbọ̀sẹ̀ tí ènìyàn ti wọ̀ kọjá sí ọ̀dọ̀ aláǹtakùn náà, wọ́n sì ṣe bákan náà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí. Aláǹtakùn náà fẹ́ràn òórùn ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀. Èyí jẹ́ kí ó yé ni ìdí tí ó fi ń gbé ìtòsí ilé. Kì í ṣe ènìyàn ni ó ń wá; àlejò tí ń jẹ ènìyàn ni ó ń wá.

6.0 Ewéko àti Takọtabo

Oúnjẹ aláǹtakùn ajẹ̀fọn kò mọ sí ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ó tún máa ń mu omi dídùn ara ewéko. Ewéko 2 ni ìwádìí fi hàn pé òórùn wọn ń fà á mọ́ra: igi lárà (Ricinus communis), èyí tí a ń rí òróró láti inú èso rẹ̀, àti Lantana camara, òdòdó olóòórùn líle tí àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ lórí igi kan. Ilẹ̀ Áfíríkà ni lárà ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ni wọ́n ti gbé Lantana wá sí Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí òdòdó ọ̀ṣọ́ kí ó tó di igbó. Ewéko méjèèjì yìí náà wà lára ibi tí akọ àti abo rẹ̀ ti ń pàdé.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé takọtabo yìí tún mú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ padà wá. Ìwádìí tí Cross, Jackson àti Simon Pollard gbé jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé aláǹtakùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ̀fọn tí ó mu ẹ̀jẹ̀ máa ń ní òórùn kan tí ó ń fa ẹnì kejì rẹ̀ mọ́ra. Bí ó ti rí fún akọ ni ó rí fún abo. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ nìkan. Ó tún jẹ́ lọ́fínńdà fún un. Èyí lè jẹ́ ara ìdí tí ẹ̀dá yìí fi ń forí ṣe fọrùn ṣe láti rí abo ẹ̀fọn tí ikùn rẹ̀ pọ́n nígbà tí eṣinṣin adágún kún ilẹ̀ níbi gbogbo.

7.0 Aláǹtakùn Ajẹ̀fọn àti Ọ̀rọ̀ Ibà

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé, àǹfààní wo ni ó wà nínú pípa ẹ̀fọn tí ó ti géni jẹ tán? Ṣé kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú bí ibà ṣe ń ràn. Nígbà tí ẹ̀fọn bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ibà wà lára rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí ibà yóò wọ inú ẹ̀fọn náà. Kò lè ràn lójú ẹsẹ̀. Yóò lo nǹkan bí ọjọ́ 10 sí ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ara ẹ̀fọn kí ó tó dé ibi itọ́ rẹ̀. Ìgbà náà ni ẹni tí ẹ̀fọn yìí bá tún gé jẹ yóò kó ibà. Nítorí náà, ẹ̀fọn tí aláǹtakùn pa lónìí lára ògiri kò gba ẹni tí ó gé jẹ lánàá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba ẹni tí ì bá gé jẹ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀fọn tí ó sì kú kí ó tó yé ẹyin kò ní ọmọ tí yóò gba ipò rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn létí tó, ó ní ibi tí ó mọ. Àkọ́kọ́, agbègbè Adágún Victoria ni ibùgbé ẹ̀dá náà; kì í ṣe òun ni aláǹtakùn tí ń bẹ lára ògiri ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Abẹ́òkúta. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ pé aláǹtakùn ilé wọn ń yan ẹ̀fọn Anopheles. Aláǹtakùn afò ti ilé wa lè pa ẹ̀fọn jẹ bí ó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ ọ́ di ajẹ̀fọn. Ìkejì, ibà ṣì ń jà gidigidi ní etí Adágún Victoria gan-an, níbi tí ajẹ̀fọn ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rí nìyí pé òun nìkan kò lè ṣẹ́gun ibà. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí a fi oògùn sí, ìtọ́jú àyíká, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti oògùn tí ó péye láti ọwọ́ oníṣègùn kò ní àrọ́pò. Òbí tí ọmọ rẹ̀ ń gbóná kò gbọdọ̀ dúró de aláǹtakùn.

Ìkẹta, èrò pé kí a gbé ẹ̀dá náà láti Kenya wá sí ibòmíràn léwu. Adágún Victoria fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, wọ́n da ẹja ńlá kan tí ó ń jẹ ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú adágún náà kí àwọn apẹja lè rí ẹja ńlá pa. Ẹja náà bí sí i, ó sì wà lára ohun tí ó run ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ẹja kéékèèké tí kò sí níbòmíràn láyé. Ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ gbé wọ ilé lè di ohun tí a kò ní lè lé jáde.

Ohun tí ìmọ̀ yìí béèrè lọ́wọ́ ará etí adágún kò nira: kí wọ́n dá ajẹ̀fọn mọ̀, kí wọ́n má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá a pa. Fún ará ibòmíràn, ohun tí ó béèrè ni pé kí wọ́n dẹ́kun pípa gbogbo aláǹtakùn tí wọ́n bá rí láìmọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ilé.

8.0 Lílo Ẹ̀kọ́ Yìí nínú Kíláàsì

Iṣẹ́ Àkànṣe Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa, ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì kí ó sì yé e yékéyéké. Ẹ̀kọ́ lórí aláǹtakùn bá irú ètò bẹ́ẹ̀ mu, nítorí pé ohun èlò rẹ̀ wà lára ògiri kíláàsì láìná kọ́bọ̀. Àwọn àbá wọ̀nyí lè ran olùkọ́ lọ́wọ́:

(i) Kí olùkọ́ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ife tí a lè rí inú rẹ̀ dé aláǹtakùn afò kan mọ́lẹ̀ lórí pépà funfun, láìfi ọwọ́ kàn án. Kí wọ́n ka ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n wá ojú rẹ̀, kí wọ́n sì fi wé eṣinṣin. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un.

(ii) Kí a fi ìtàn ìbọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ọmọ ní ohun tí ìdánwò tòótọ́ jẹ́. Kí olùkọ́ béèrè pé, "Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá lo ìbọ̀sẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí?" Ọmọ tí ó bá rí i pé a kò ní lè mọ̀ bóyá òórùn ènìyàn ni aláǹtakùn ń tẹ̀ lé tàbí òórùn aṣọ, ti mọ ìpìlẹ̀ sáyẹ́ǹsì.

(iii) Kí a lo ẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí ó yé ọmọ. "Afò" àti "ajẹ̀fọn" tẹ̀ lé ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà ṣẹ̀dá orúkọ láti ara ìṣe, bí "apẹja" àti "akọ̀wé". Ọmọ tí ó bá gbọ́ "ajẹ̀fọn" ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí olùkọ́ tó la ẹnu.

(iv) Kí a fi ẹ̀kọ́ náà parí sí ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì, omi ìdọ̀tí inú agolo àti taya àtijọ́, àti lílọ sí ilé ìwòsàn lásìkò, kí ọmọ má baà mú ìtàn aláǹtakùn nìkan lọ sílé.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé aláǹtakùn ajẹ̀fọn jẹ́ ẹ̀dá kan tí ibùgbé àti oúnjẹ rẹ̀ kò ṣeé yà nípa. Etí omi ni ẹ̀fọn ti ń pọ̀. Ilé ènìyàn ni ẹ̀fọn ti ń rí ẹ̀jẹ̀. Ògiri ni ẹ̀fọn ti ń sinmi. Ibẹ̀ náà ni ajẹ̀fọn ti ń dúró dè é. Ojú tí ó mọ́, òórùn tí ó ń tẹ̀ lé àti ọgbọ́n tí a bí mọ́ ọn ni ó fi ń yan ẹyọ kan láàárín ẹgbẹ̀rún. Kò lè gba iṣẹ́ dókítà ṣe, kò sì yẹ kí a gbé e kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá fi ìwà rẹ̀ kọ́ ọmọ bí a ṣe ń wo nǹkan dáadáa, bí a ṣe ń dán nǹkan wò láìṣègbè, àti bí a ṣe ń sọ ohun tí a mọ̀ láìfi àbùmọ́ kún un, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó bẹ̀rù nínú ilé àti ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ kí ó wà láàyè.